Ògbufọ̀ Àbẹ̀kẹ́

Ìjà la fi pàdé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú ìfẹ́ la kọ́kọ́ fi wo ara wa.

Ẹni tó bá ti gbé Chicago lásìkò òtútù mọ òfin yìí: bí yìnyín bá bo àdúgbò, tí o fi ṣọ́bìrì kó o kúrò kí mọ́tò rẹ lè ráyè dúró, ibẹ̀ ti di tìrẹ. Wàá gbé àga síbẹ̀ kí o tó jáde, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí wàá fi dé. Kò sí ibi tí ìjọba kọ ọ́ sí, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí wọ́n yọ gbogbo afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ torí pé ó gbé àga ẹlòmíràn kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, níwájú ilé tí mò ń gbé ní Rogers Park, mo kó yìnyín títí ẹ̀yìn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi. Mo gbé àga kíṣìnnì mi síbẹ̀, mo wa mọ́tò mi lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo máa dé, àga mi ti wà lórí òkìtì yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dojú bolẹ̀, mọ́tò pupa kan sì wà ní àyè mi. Ọmọbìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Mo kan gíláàsì rẹ̀. Mo fi Òyìnbó bú u dáadáa. Ó ní ṣé bàbá mi ló ni títì ni. Inú bí mi débi pé Yorùbá ni mo fi parí rẹ̀.

"Ẹni tó kọ́ ẹ nílé ò kọ́ ẹ re," mo ní.

Ó yí gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀. "Ẹni tó kọ́ mi nílé wà ní Park Forest," ó fi Yorùbá dá mi lóhùn. "Ṣé kí n pè é fún yín?"

Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, inú ṣì ń bí mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àga mi látorí òkìtì, ó fi ìbọ̀wọ́ nù ún, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ máà bínú, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Night shift ni mo ti ń bọ̀ o, láti Des Plaines. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọ ilé kejì yẹn ni. Ó ti rẹ̀ mí gan-an."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ látẹ̀ẹ̀kan?"

"Ẹ ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ now." Ó na ẹ̀pà sí mi. Mo gbà á, mo sì sọ fún un pé kó má rò pé mo ti dárí jì í.

Salihat lorúkọ rẹ̀. Ní hótẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú O'Hare, ló ti ń ṣiṣẹ́, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba àlejò. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́ tán, mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ báyìí kí ẹni tó bá fẹ́ pa ìwé dé lè tètè pa á dé. Mo nífẹ̀ẹ́ bó ṣe ń kọrin tó bá ń fọ abọ́, tí gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà ń ṣì mọ́ ọn lẹ́nu. Òun náà nífẹ̀ẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ mi ò rọrùn láti fẹ́ràn: ẹnu mi mú, mo sì lè jiyàn títí ọbẹ̀ fi máa jóná. Kí ooru tó mú, ó ti kó ẹrù rẹ̀ wọ ilé mi, kò sì pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Mutmainnah lorúkọ mi. Muti ló sọ ọ́ dà.

Ìyá mi ní Ìwó ti gbọ́ irú ẹni tí mo jẹ́ tipẹ́. Ó ní òun ò bí mi. Mi ò sunkún lórí rẹ̀ mọ́, ẹkún náà ti tán.

Lọ́jọ́ kan tí a ń dín dòdò, Salihat sọ fún mi pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì òun.

"Mọ́mì mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá ti pè é báyìí, kò sí ohun tí wọ́n ní kí n ṣe tí mi ò ní ṣe."

"Ṣé èmi náà lè máa pè ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó ronú sí i. "Inú ilé nìkan o. Ìwọ ńkọ́, kí ni tìẹ?"

"Tèmi wà. Ẹni tó ń fi pè mí ló ti kọ̀ mí. Jẹ́ kó sùn, ààyò mi."

Kò bi mí mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, nínú ilé wa, Àbẹ̀kẹ́ ni.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, inú ilé ni mo sì ti ń ṣe é, lórí fóònù. Bí ọsibítù tàbí ilé ẹjọ́ bá ní ẹni tí kò lè fi Òyìnbó sọ tinú rẹ̀, wọ́n á pe ilé-iṣẹ́ wa, ìpè náà á sì bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ nínú àwa tí a gbọ́ Yorùbá. A ò pọ̀. A kì í dárúkọ ara wa, nọ́ńbà la ń sọ.

Òfin iṣẹ́ náà le. Bí aláìsàn bá ní, "Inú ń run mi," mi ò gbọdọ̀ ní, "Ó ní inú ń run òun." Èmi náà á ní inú ń run mi. Bó bá bú dókítà, èmi náà á bú dókítà. Mi ò gbọdọ̀ fi iyọ̀ sí i, mi ò sì gbọdọ̀ yọ iyọ̀ kúrò. Òfin kejì ni pé bí mo bá mọ ẹni tó wà lórí ìlà, kí n sọ bẹ́ẹ̀ kíá, kí n fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, Ọ̀gbẹ́ni Mùsílíù ni. Ẹnu rẹ̀ dùn, àgbà sì ni. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ wa níṣẹ́ ló ti sọ fún mi pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọdọ̀ gba ẹnu Mùsùlùmí jáde. Bí ọkùnrin bá sọ fún dókítà pé ọkùnrin lòun fẹ́ràn, Mùsílíù á ní wàhálà ilé ló ń dà á láàmú. Bí ẹnì kan bá ní ó wu òun kí òun kú, Mùsílíù á ní ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń pe ìyẹn ní ìwà ọmọlúàbí. Irọ́ lèmi ń pè é.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó dà bí èmi àti Salihat kì í fi fẹ́ kí wọ́n bá wọn pe ìlà wa. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó máa gbé e lè jẹ́ ẹni tí àwọn jọ ń kírun. Wọ́n á kúkú ní àwọn ò rí oorun sùn, wọ́n á gba oògùn oorun, wọ́n á lọ sílé.

Abdulqowiyy, ẹ̀gbọ́n Salihat, ló tú wa síta. Òtútù ọdún kejì ti pa bátìrì mọ́tò pupa yẹn, Salihat sì ní kó wá bá òun fi wáyà jí i. Ó yára dé ju bó ṣe sọ lọ, a ò sì ti ilẹ̀kùn. Ó bá wa nínú kíṣìnnì, mo di Salihat mú láti ẹ̀yìn, àgbọ̀n mi wà lórí èjìká rẹ̀. Kò pariwo. Ó kí wa, ó sọ̀ kalẹ̀, ó bá àbúrò rẹ̀ jí bátìrì náà, ó sì ti pe ìyá wọn kó tó dé Park Forest.

Ìyá wọn ni Alhaja Muminat. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gbọ́ Òyìnbó tó tó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ àti ọkàn, Yorùbá nìkan ló lè sọ. Ojoojúmọ́ ló ń pe Salihat lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

"Àbẹ̀kẹ́, ṣé bí mo ṣe tọ́ ẹ nìyí?" Mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹnì kan wà ní Ìsẹ́yìn tó máa ń lé irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ jáde lára èèyàn, pé òun máa mú un lọ síbẹ̀. Ó ní bí kò bá fi ilé yẹn sílẹ̀, kó má pe òun ní ìyá mọ́.

"Má gbé fóònù yẹn mọ́, olólùfẹ́ mi," mo ní.

"Mọ́mì mi ni, Muti. Báwo ni mi ò ṣe ní gbé e?"

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò sùn mọ́. Lẹ́yìn náà, kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó wò mí, ojú rẹ̀ gbẹ, ó ní, "Bí mi ò bá sí láyé mọ́, gbogbo yín á sinmi." Èmi aláríyànjiyàn, mi ò bá a jiyàn. Mo fi kóòtù wọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sí ọsibítù.

"Kí lo jẹ́ sí i?" Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Kí n tó la ẹnu, Salihat ti dá a lóhùn. "Roommate mi ni," ó ní. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló fún wọn pé kí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ẹbí. Wọ́n mú un wọlé, ilẹ̀kùn tì, mo sì dúró níta pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ó dùn mí wọra. Mo pe ọsibítù lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn ò lè sọ fún mi bóyá ó wà lọ́dọ̀ àwọn tàbí kò sí. Èmi tí mo gbé e débẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá bí mo bá jẹ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n á sọ fún mi. Wọ́n ní kí n má pariwo.

Yìnyín tún bọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo kó o kúrò níwájú ilé, mo gbé àga síbẹ̀. Mọ́tò Salihat wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, tèmi sì ti ní àyè tirẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ dúró síbẹ̀. Ará ilé kejì ní mò ń fi àyè ṣòfò. Mo ní kó fọwọ́ kan àga náà kó wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìpè kan wọlé lórí ìlà iṣẹ́ mi. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Zoe ló pè. Ó ní òun jẹ́ olùtọ́jú ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, pé aláìsàn òun àti ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ òun. Ó ní ògbufọ̀ wa kan ti bá òun àti ìyá náà túmọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Òní ni wọ́n fẹ́ sọ ibi tí ọmọ náà máa lọ bí wọ́n bá dá a sílẹ̀. "Salihat lorúkọ aláìsàn náà," ó ní.

Ó yẹ kí n sọ pé mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá sọ ọ́, Mùsílíù ló kàn. Ẹ bú mi bó bá wù yín. Mi ò sọ ọ́.

Mo sọ nọ́ńbà mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú yàrá náà, mo sì mọ̀ pé Salihat ti dá ohùn mi mọ̀. Kò tú àṣírí mi.

Alhaja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Sọ fún un pé ọmọ mi ni mo wá mú. Wọ́n ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó máa sinmi lọ́dọ̀ mi, lẹ́yìn náà a máa lọ sí Ìsẹ́yìn." Mo tú u sí Òyìnbó.

Zoe ní, "Ọ̀rọ̀ náà ju pé ó rẹ̀ ẹ́ lọ. Salihat ti gbà kí n tún un sọ fún yín. Ọmọ yín sọ fún wa pé òun fẹ́ kú. Ó ní ó bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti ní kó má pe yín ní ìyá mọ́, torí pé obìnrin lòun fẹ́ràn."

Mo tú u bó ṣe rí. Mi ò wá ọ̀rọ̀ rírọ̀ fi bo ikú, mi ò sì wá nǹkan fi bo obìnrin.

"Ọkùnrin ọjọ́sí ò sọ bẹ́ẹ̀," Alhaja ní. "Mo mọ ohùn rẹ̀, Mùsílíù ni, mọ́sálásí kan náà la wà. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún un. Òyìnbó obìnrin yìí yára jù fún mi lọ́jọ́ náà, ohun tí Mùsílíù sọ ni mo gbà. Kò dárúkọ ikú fún mi."

"Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí náà nìyí," Zoe ní.

Mo gbọ́ tí àga dún, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ dìde tó tún jókòó. Nígbà tí Alhaja máa tún sọ̀rọ̀, ìbínú ló fi sọ ọ́. "Obìnrin Rogers Park yẹn ló fà á. Oníbàjẹ́ ni. Ó ti ba ọmọ mi jẹ́, Ọlọ́run á bi í. Kàkà kí n rí i kó padà sí ilé yẹn, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n sin ín. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Òfin ni òfin. Mo pe ara mi ní oníbàjẹ́ ní Òyìnbó tó já gaara. Mo la ẹnu mi, mo sọ fún Zoe pé ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n sin ín. Salihat jókòó síbẹ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó tún gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo ti tú ẹjọ́ ìpànìyàn rí, kò le tó èyí.

Nígbà náà ni Salihat sọ̀rọ̀. Yorùbá ló sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ráyè tú u.

"Mọ́mì, mo fẹ́ràn ẹni tí mò ń bá gbé. Òun kọ́ ló bà mí jẹ́. Òun ló gbé mi wá síbí kí n má bàa kú. Nígbà tí wọ́n bi í pé kí ló jẹ́ sí mi, mo ní roommate mi ni, torí ẹ̀rù yín ń bà mí. Ìyẹn ń dùn mí. Ibi yòówù tó bá wà tó ń gbọ́ mi, kó má bínú."

Mo tú u. Mo ní mo fẹ́ràn ẹni tí mò ń bá gbé. Mo ní ibi yòówù tó bá wà, kó má bínú. Omi ń dà lójú mi sórí tábìlì, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ohùn mi yí padà. Bí a ṣe sọ ọ́ fún ara wa nìyẹn, níwájú ìyá rẹ̀ àti àlejò, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Zoe ní, "Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún màmá pé Salihat ń bẹ̀rù ìrìn-àjò yẹn. Ó fẹ́ kí a máa tọ́jú òun níbí, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn tó dà bíi rẹ̀ tó máa ń pàdé lọ́dọ̀ wa."

Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Màmá, ìrìn-àjò yẹn ń ba Àbẹ̀kẹ́ lẹ́rù. Ó fẹ́ kí wọ́n..."

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

Oríkì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Inú ilé ló ń gbé. Zoe ò mọ̀ ọ́n, kò sì dárúkọ rẹ̀. Òfin ní kí n tú ìbéèrè náà, mo sì tú u: mo fi Òyìnbó bi ara mi pé ta ló sọ orúkọ yẹn fún mi. Lẹ́yìn náà mo ní ògbufọ̀ fẹ́ sọ ti ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo sọ ọ́ ní èdè méjèèjì pé èmi ni obìnrin Rogers Park náà, pé ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mo ní láti pa ìpè yìí," Zoe ní.

"Wait," Alhaja ní. Ó wá dojú ọ̀rọ̀ kọ mí. "Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ẹ, ìwọ lò ń tú u?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"O ò dín in kù?"

"Mi ò dín in kù, Mà."

"Èyí tí mo ní kí n sin ín ńkọ́?"

"Mo sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́."

"Mo gbọ́ ọ," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo gbọ́ ọ ní Òyìnbó. Kò dáa létí."

Zoe pa ìpè náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé-iṣẹ́ wa ti yọ mí kúrò lórí ìlà. Wọ́n jàre. Bí irú rẹ̀ bá tún dé lọ́la, màá tún ṣe é. Mo fẹjọ́ Mùsílíù náà sùn, wọ́n ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo mọ irú àyẹ̀wò tí ìyẹn máa ń jẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọsibítù fúnra wọn ló pè mí pé Salihat ní kí n wá. Zoe pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú ń bí i.

"Ohun tí o ṣe ò dára," ó ní.

"Mo mọ̀. Ohun tí ẹ̀yin ṣe ńkọ́? Ṣé ẹ bi í kí ẹ tó pe ẹni tó jẹ́ ará mọ́sálásí ìyá rẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ìlú ńlá ni Chicago lójú tiyín. Abúlé ni àwa Yorùbá tó wà nínú rẹ̀."

Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó pe ògbufọ̀ kankan ní ẹ̀ka yẹn, wọ́n ń bi aláìsàn pé ta ni kò fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ òun, wọ́n sì ń wá ògbufọ̀ láti ìlú mìíràn bó bá fẹ́. Nǹkan kékeré ni. Ó yẹ kó ti wà tipẹ́, mi ò sì ní dúpẹ́ lórí rẹ̀.

Salihat jókòó sí ojú fèrèsé. Ó ti rù.

"O ní kí wọ́n sin mí," ó ní.

"Ìyá ẹ ló sọ ọ́."

"I know. Ó dùn mí lẹ́nu tìẹ jù." Ó na ọwọ́, mo dì í mú. "Mo ti ní kí wọ́n yọ roommate kúrò. Mo ní partner ni kí wọ́n kọ. Ṣé o ṣì ń bínú, Muti mi?"

"Láti orí àga kíṣìnnì ni mo ti ń bínú sí ẹ," mo ní. "Má lọ síbì kankan, ẹ̀mí mi. Ìyẹn ni mo fẹ́." Ó fi orí lé mi láyà, a sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Ó sọ fún wọn pé ilé mi lòun ń lọ, pé òun á máa wá fún ìtọ́jú, òun á sì máa bá ẹgbẹ́ náà pàdé. Ṣùgbọ́n Alhaja ní òun ló máa gbé e kúrò ní ọsibítù, pé ọmọ òun kò ní bá ẹlòmíràn jáde. Salihat gbà. Èmi ò fẹ́ gbà. Láti ibẹ̀ dé Park Forest kò jìnnà, láti Park Forest dé Ìsẹ́yìn, ìwé ọkọ̀ òfuurufú kan péré ni.

"Bí wọ́n bá gbé mi kọjá Rogers Park," Salihat ní, "màá sọ̀ kalẹ̀ níbi red light."

Lọ́jọ́ náà, mo dúró ti àga mi nínú yìnyín láti ìyálẹ̀ta. Gbogbo mọ́tò tó yọ ni mò ń wò. Ẹ̀rù bà mí, mo ń sọ òótọ́ fún yín. Mo ti ro ó pin nígbà tí mọ́tò Abdulqowiyy yà wọ àdúgbò wa, tó sì dúró sí àárín títì. Alhaja wà níwájú. Ó yí gíláàsì sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín. Inú ń bí mi, mo sì kúnlẹ̀; bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. "Ẹ káàbọ̀, Mà."

"Dìde. Mi ò wá gba ìkíni." Obìnrin kékeré ni, ìbòrí dúdú ló wé, ojú rẹ̀ sì ti wú. "Gbọ́ ọ dáadáa, kí o lè tú u fún ẹni tó bá bi ẹ́. Mi ò fọwọ́ sí i. Mi ò ní fọwọ́ sí i láéláé."

"Mo gbọ́, Mà."

"Ṣùgbọ́n mi ò lè sin ọmọ mi." Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Gbé àga yẹn kúrò kí mọ́tò ráyè. Òtútù ń mú un."

Mo gbé e kúrò. Abdulqowiyy wọ àyè náà, kò wò mí. Salihat sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró tì mí, ó sì di ọwọ́ mi mú lójú wọn. Alhaja wo ọwọ́ náà títí.

"Ìwọ tó sọ oríkì ọmọ mi di tìẹ," ó ní, "kí ni tìẹ?"

Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo Amẹ́ríkà. Salihat gan-an ò mọ̀ ọ́n.

"Àdùfẹ́ ni, Mà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀, ó mú oògùn jáde nínú ọ̀rá, ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé.

"Àdùfẹ́," ó ní, kò wò mí lójú, "ó gbọ́dọ̀ jẹun kó tó lo èyí tó funfun. Bó bá lò ó lófìfo, èébì á máa gbé e."

"Mo gbọ́, Mà."

Ó yí gíláàsì sókè, wọ́n lọ. Salihat yíjú sí mi.

"Àdùfẹ́?" ó ní.

Ẹkún tí mo ní ó ti tán, kò tíì tán. Mo gbé àga náà padà sí àyè rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a gòkè lọ dáná.